Ta Ni Yóò Fọwọ́ Sí Ìwé Náà?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ ní gbangba nínú ìjọ. Àwọn ìyá a máa sọ ọ́ láàárín ara wọn ní ìpàdé obìnrin, àwọn bàbá a sì dákẹ́ bí ẹni pé kò kàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìwé pélébé kan ni, èyí tí nọ́ọ̀sì máa ń gbé wá nígbà tí ìrọbí bá ti le, tí dókítà sì ti ní iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Obìnrin tó ń rọbí wà lórí ibùsùn níbẹ̀, ó ń gbọ́ ohun gbogbo, ojú rẹ̀ sì là kedere. Síbẹ̀, ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń jáde ni pé, "Ọkọ rẹ̀ dà?"

Ọkọ lè wà ní Èkó nígbà tí ìyàwó wà ní Òṣogbo. Ó lè wà nítòsí, kó ní òun ń retí ìyá òun. Ìyá ọkọ lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe pásítọ̀. Pásítọ̀ lè wà lórí òkè àdúrà tí fóònù kì í gbé wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wákàtí ń lọ, tí ọmọ ń rẹ̀ nínú, tí ìyá rẹ̀ náà ń rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Nínú yàrá ìrọbí, olórí kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ó wà níbẹ̀, wọ́n sì ń fá orí náà lójú rẹ̀ láìbi í.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn obìnrin kan nílẹ̀ òkèèrè, àwọn tí wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, ti ń béèrè ìbéèrè kan náà yìí: ta ló ni ara aboyún? Ta ni kí á bi léèrè kí á tó fọwọ́ kàn án? Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti gbọ́ orúkọ wọn báyìí, a ti di etí. A mọ ìdí rẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́, ọ̀nà tiwa àti tiwọn pínyà, a kò sì ní fi bò. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ, wọ́n ti sọ àwọn ohun kan tí ìjọ Ọlọ́run ì bá ti gbọ́ tipẹ́tipẹ́.

Ìrora tí wọ́n ní Ọlọ́run fẹ́

Ní ọdún 1847, dókítà kan ní Edinburgh, James Young Simpson, bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn kan tí wọ́n ń pè ní kulorofọ́ọ̀mù láti dín ìrora àwọn tó ń rọbí kù. Àwọn kan dìde sí i. Wọ́n ní Ọlọ́run ti sọ fún Éfà nínú Gẹ́nẹ́sísì 3:16 pé nínú ìrora ni yóò máa bímọ, pé ẹni tó bá mú ìrora náà kúrò ti ń bá Ọlọ́run jà nìyẹn. Simpson kọ ìwé kékeré kan lọ́dún náà gan-an láti fi dá wọn lóhùn. Bíbélì náà ni òun pẹ̀lú ṣí. Ó ní kí wọ́n padà sí Gẹ́nẹ́sísì 2:21, níbi tí Ọlọ́run ti kọ́kọ́ mú kí Ádámù sùn fọnfọn kí ó tó yọ egungun ìhà rẹ̀. Ní 1853, Ọbabìnrin Victoria lo oògùn yìí nígbà tí ó bí Leopold ọmọ rẹ̀. Dókítà John Snow ló fún un, ariwo náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wí ohun kan níbí. Nínú orí Bíbélì kan náà yẹn, a sọ fún Ádámù pé nínú òógùn ojú rẹ̀ ni yóò máa jẹun, pé ẹ̀gún àti òṣùṣú ni ilẹ̀ yóò máa hù fún un. A kò tíì gbọ́ kí oníwàásù kan dá àgbẹ̀ dúró lóko pé kó má lo katakata tàbí oògùn apako nítorí pé ó ń bá ìfẹ́ Ọlọ́run jà. Obìnrin nìkan ni a máa ń fi tirẹ̀ mú.

Ọ̀rọ̀ náà kò pin síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn dókítà kan ní Freiburg ní ilẹ̀ Jámánì da oògùn méjì pọ̀ fún obìnrin tó ń rọbí, èyí tí kì í jẹ́ kí ó rántí ohunkóhun lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà gbọ́, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1914 láti béèrè fún un. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n béèrè; a kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń mú ìrántí lọ kì í fi gbogbo ìgbà mú ìrora lọ. Obìnrin a máa ké, a máa ta bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, wọ́n á sì fi okùn awọ dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá jí, kò ní mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1958, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, *Ladies' Home Journal*, tẹ àwọn lẹ́tà tí ìyá àti nọ́ọ̀sì kọ jáde nípa ìwà ìkà inú yàrá ìrọbí. Àwọn tó kọ ọ́ kì í ṣe ọlọ̀tẹ̀. Ìyàwó ilé ni wọ́n, ìyá ọmọ bíi tiyín.

Nígbà tí Adrienne Rich kọ ìwé rẹ̀ *Of Woman Born* ní 1976, ìyá ọmọkùnrin mẹ́ta ni òun náà. Ohun tí ó tẹnu mọ́ jù ni pé ọ̀tọ̀ ni kí obìnrin jẹ́ ìyá, kí ó gbé ọmọ rẹ̀ kí ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni àwọn òfin tí àwọn ẹlòmíràn gbé kalẹ̀ yí ipò ìyá ká, tí wọ́n sì ní òun gan-an ni ipò ìyá. A kò gba gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà gbọ́, ṣùgbọ́n lórí ìyàtọ̀ yìí, òótọ́ ló sọ.

Ẹni tí wọ́n bi léèrè

Kí á tún padà sẹ́yìn díẹ̀, kí á lè rí bí gbòǹgbò náà ṣe jìn tó. Láàárín 1845 sí 1849, ní Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama, dókítà kan tí ń jẹ́ J. Marion Sims ń wá ìwòsàn fún àrùn tí ìrọbí tó pẹ́ jù máa ń fà, èyí tí ìtọ̀ fi máa ń ṣàn lára obìnrin láìdáwọ́ dúró. Àrùn yìí ṣì wà ní Nàìjíríà lónìí. Àwọn obìnrin tí Sims fi ara wọn dánra wò jẹ́ ẹrú. A mọ orúkọ mẹ́ta nínú wọn: Anarcha, Betsey àti Lucy. Kò lo oògùn tí ń mú ara kú fún wọn. Nǹkan bí ìgbà ọgbọ̀n ló ṣiṣẹ́ abẹ fún Anarcha nìkan. Ta ni ó bi kí ó tó bẹ̀rẹ̀? Àwọn olówó wọn ni. Iṣẹ́ náà wúlò, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti rí ìwòsàn nípasẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀nà tó gbà ṣe é, ìlú New York gbé ère rẹ̀ kúrò ní Central Park ní 2018.

Ẹ má sọ pé ìgbà ẹrú nìyẹn. Serena Williams, ọ̀gá nínú eré tẹ́níìsì, bímọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 nípa iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ìbímọ, kò lè mí dáadáa. Ó ti ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró rí, ó sì mọ ohun tó ń ṣe òun. Ó sọ irú àyẹ̀wò tí òun fẹ́ àti irú oògùn tí òun fẹ́. Nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ló ń da orí rẹ̀ rú. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tó béèrè fún nígbẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n bá nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lóòótọ́. Bí obìnrin tó lówó, tó lókìkí báyìí bá sọ̀rọ̀ tí wọn kò tètè gbọ́, kí ni ti ìyàwó kékeré tí kò lè gbé ojú sókè wo dókítà? Ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin dúdú tí ń kú nípa ìbímọ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin lókè òkun, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má tijú láti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ méjì tún wà tó yẹ kí á mọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1987, ní Washington, àrùn jẹjẹrẹ ń pa obìnrin kan lọ, Angela Carder, oyún inú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ilé-ìwòsàn pe adájọ́, adájọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà. Obìnrin yìí ní òun kò fẹ́. Ọkọ rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ṣe é síbẹ̀. Ọmọ náà lo nǹkan bíi wákàtí méjì láyé. Ìyá rẹ̀ kú ní ọjọ́ kejì sí i. Ní 1990, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé àṣẹ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan ru púpọ̀ nínú oyún ní 1996, ó sì kọ̀ kí wọ́n tọ́jú òun. Wọ́n fi òfin àwọn alárùn ọpọlọ mú un, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Òun àti ọmọ yè é. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ní 1998 pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sófin, pé aboyún kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ara rẹ̀ nítorí pé ó lóyún.

Ẹjọ́ kejì yìí nira fún wa, a ò ní purọ́. A fẹ́ràn kí ọmọ yè. Bí ó bá jẹ́ àwa ni a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, a ó bẹ̀ ẹ́, a ó tún bẹ̀ ẹ́, a ó kúnlẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí á bẹ ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni kí á dì í mọ́lẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ abiyamọ

Ohun kan wà nínú èdè wa tí àwọn obìnrin òkèèrè wọ̀nyí ì bá gbádùn láti gbọ́. A kì í ní ọjọ́ ìdùbúlẹ̀. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni a ń wí. Orí ìkúnlẹ̀ ni àwọn ìyá ńlá wa ti ń bímọ. Ilé-ìwòsàn ìgbàlódé ló ní kí obìnrin fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rọrùn fún ẹni tó ń gbẹ̀bí. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin bá àwọn dókítà jà lé lórí nìyí. Ní 2018, àjọ ìlera àgbáyé fi ìlànà tuntun jáde: kí obìnrin máa rìn bó bá fẹ́, kí ó yan bí yóò ṣe wà nígbà tó bá ń rọbí, kí ẹnì kan tí òun fúnra rẹ̀ yàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má sì kàn máa fi abẹ gé ojú ara gbogbo obìnrin bí ẹni ń tẹ̀ lé àṣà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ Yorùbá tí ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé púpọ̀ nípa ipò ìyá láàárín wa àti ohun tí ìkúnlẹ̀ abiyamọ túmọ̀ sí. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì kà á.

Síbẹ̀, ìṣòro tiwa kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú tiwọn. Ní Bràsíìlì, ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń pariwo pé abẹ ti pọ̀ jù. Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí ìjọba ṣe kárí orílẹ̀-èdè ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí 3 péré nínú 100 ìbímọ ni a fi iṣẹ́ abẹ ṣe. Àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé bí iye náà ṣe ń ti ìsàlẹ̀ gòkè dé nǹkan bí 10 nínú 100 ni ikú ìyá àti ọmọ máa ń dín kù. Àjọ ìlera àgbáyé fojú bù ú pé ní 2020, nǹkan bí 82,000 obìnrin ló kú nípa oyún àti ìbímọ ní Nàìjíríà. Owó àti ọ̀nà tó jìn wà nínú ohun tó fà á, àìsí dókítà náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdúródè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ẹ̀rù abẹ. Èyí sì kan ìjọ.

Àdúrà àwọn obìnrin Hébérù

Kò sí ìpàdé aboyún tí a kì í ti í gbàdúrà pé kí wọ́n bímọ bí àwọn obìnrin Hébérù. Àdúrà dáadáa ni, àwa náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ka ibẹ̀ yékéyéké. Nínú Ẹ́kísódù 1:15 sí 21, ta ló sọ pé àwọn obìnrin Hébérù a máa bímọ kí agbẹ̀bí tó dé? Ṣífúrà àti Púà ni, agbẹ̀bí méjì. Ta ni wọ́n sọ ọ́ fún? Fáráò ni, ẹni tó ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa àwọn ọmọkùnrin. Èsì tí a fún ọba apànìyàn kí ọmọ lè yè ni. Ibẹ̀ kò sọ pé Ọlọ́run ṣèlérí fún gbogbo aboyún pé abẹ kò ní kàn án.

Bí ó bá jẹ́ pé ìlérí ni, kí ni kí á sọ nípa Rákélì? Ìyàwó Jákọ́bù fúnra rẹ̀ ni, ìyá Jósẹ́fù, ẹni tí Ọlọ́run rántí tó sì ṣí inú rẹ̀. Lójú ọ̀nà Éfúrátà, ìrọbí mú un, ó le, agbẹ̀bí ń tù ú nínú, ó sì kú (Gẹ́nẹ́sísì 35:16-19). Ìyàwó Fíníhásì náà kú ní ọjọ́ tó bí Íkábódù (1 Sámúẹ́lì 4:19-22). Ta ni yóò dìde láti sọ pé ìgbàgbọ́ Rákélì ló kéré?

Ṣùgbọ́n a ti fi àdúrà yìí dá ẹrù lé àwọn ọmọ wa lórí. Aboyún a forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù, dókítà á ní ọmọ dùbúlẹ̀ ní ìbú, òun á sì sá lọ sí ilé àdúrà kó má bàa di ẹni tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún. Ẹni tí iṣẹ́ abẹ bá sì gbà là, ẹ wò ó ní ọjọ́ ìkómọ: yóò dúpẹ́, yóò jó, ṣùgbọ́n yóò fo ibi tí abẹ wà nínú ẹ̀rí rẹ̀. Ìyá kan sọ fún wa nígbà kan rí pé ọmọ òun ti wà ní ilé-ìwé kí òun tó lè sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ. Obìnrin tí wọ́n ṣí inú rẹ̀ tí wọ́n tún rán an pa, tí ó dìde tó sì fún ọmọ lọ́mú! Kí ni ìtìjú ibẹ̀?

Ohun tí òfin ilẹ̀ wa wí

Ọ̀pọ̀ gbà pé òfin ló ní kí ọkọ fọwọ́ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣà ni, ẹ̀rù ẹjọ́ sì ń mú kí àwọn ilé-ìwòsàn kan di àṣà náà mú. Ní 1991, obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ṣàìsàn lẹ́yìn tó bímọ, ó sì kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ gbà fún un. Ó sì kú. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan dókítà náà, ọ̀rọ̀ sì dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà. Ní 2001, ilé-ẹjọ́ náà dá a láre. Wọ́n ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú tí kò fẹ́. A kò gba ẹ̀kọ́ wọn nípa ẹ̀jẹ̀ gbọ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí òfin bá fún obìnrin lẹ́nu láti sọ pé "rárá", ẹnu kan náà ni yóò fi sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" kí ọkọ rẹ̀ tó dé. Òfin ìlera ti ọdún 2014 tún ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́: ohun tó ń ṣe é, ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Ní èdè tó gbọ́, ẹ jọ̀wọ́.

Àwọn ọkọ kan á tọ́ka sí 1 Kọ́ríńtì 7:4, pé aya kò ní agbára lórí ara rẹ̀, bí kò ṣe ọkọ. Kí wọ́n ka ẹsẹ náà dópin. Ìdajì kejì sọ ohun kan náà nípa ara ọkọ. Ọ̀rọ̀ ibùsùn tọkọtaya sì ni Pọ́ọ̀lù ń sọ níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ abẹ, kò sọ̀rọ̀ ìrọbí. A kò tíì rí ọkọ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún tó ní kí wọ́n dúró kí ìyàwó òun fọwọ́ sí i.

Ẹ má rò pé a fẹ́ lé ọkọ jáde. Ta ni yóò wá owó, tí yóò wá ọkọ̀ lóru, tí yóò wá ẹni tó lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ? Níbi tí wọ́n bá gbà á láyè, kí ọkọ wọlé, kí ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ohun tí a ń wí ni pé kí wọ́n bi ìyàwó náà, kí wọ́n sọ òótọ́ fún un, kí ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ ìdáhùn.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, bí wọ́n bá pè yín lóru láti bi yín bóyá kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè ohun méjì péré: kí ni dókítà wí, kí sì ni obìnrin náà wí? Lẹ́yìn náà kí ẹ gbàdúrà, ẹ má dá wọn dúró.

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ń retí ọmọ, ẹ jókòó kí oṣù kẹjọ tó parí. Kí ìyàwó sọ ohun tí òun fẹ́ bí ìrọbí bá le, kí ọkọ kọ ọ́ sínú ìwé, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ó sì wà pẹ̀lú káàdì ọsibítù rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu síbẹ̀. Kí ọkọ tó ń rìnrìn àjò sì sọ ọ́ fún ìyá tirẹ̀ létí ìyàwó náà, pé bí òun kò bá sí nílé lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má dúró de òun.